Ìwo Tí Gesine Gbé Lé Wiebke Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí ojú ewé yìí kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Obìnrin tó ni ìtàn yìí ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì fi oyin ra á. Mo bi í bóyá kí n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ta ni kò tíì mọ̀ nílùú yìí.

Gesine Rathke lorúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ orin rí ní gbọ̀ngàn tó wà létí odò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ ti gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí kò tíì hu ewú ló ti jókòó sí àga ìwo àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú wa, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹlòmíràn lè jókòó síbẹ̀.

Ìwo tí mò ń wí kì í ṣe ìwo màlúù o. Idẹ ni, wọ́n ká a jọ bí òṣùká, ìwo méjì ló sì wà nínú ẹyọ kan. Ọ̀kan gùn: ohùn rẹ̀ nípọn, ó móoru, ṣùgbọ́n tí orin bá ti gòkè, ẹsẹ̀ èèyàn á máa yọ̀ níbẹ̀. Èkejì kúrú: ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í já ni kulẹ̀ lókè. Ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì ló ń tẹ àwọn bọ́tìnnì tó ń yí ohùn padà. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì yẹn kan náà ló ń yan èyí tí èémí máa gbà nínú méjèèjì. Tí àtàǹpàkò bá sinmi, gígùn ni. Tó bá tẹ̀, kúkúrú ni.

Yíyàn ni gbogbo iṣẹ́ afọnwo. Ohùn kan náà, o lè rí i ní gígùn, o lè rí i ní kúkúrú, o lè fi ìka kan rí i, o lè fi méjì. Gesine a máa sọ fáwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ètè lè purọ́, ìka kì í purọ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè da ìwo náà rú. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so bọ́tìnnì àtàǹpàkò mọ́ inú rẹ̀. Tí o bá tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, tí o sì yí okùn náà, sísinmi á di kúkúrú, títẹ̀ á wá di gígùn. Níbòmíràn, wọ́n ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bínú sí wọn. Láàárín àwọn afọnwo ìlú wa, èèwọ̀ ni, Gesine fúnra rẹ̀ ló sì ṣe òfin náà. Ó ní ìwo lè bàjẹ́ lórí ìtàgé nígbàkigbà, tí èèyàn á na ọwọ́ gba ti ẹni tó jókòó tì í, láìsí ọ̀rọ̀, láìsí ìbéèrè. Nítorí náà, gbogbo ìwo gbọ́dọ̀ rí bákan náà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń yí i fún, fún ìgbà díẹ̀, kí ọpọlọ wọn má bàa sùn, lẹ́yìn náà á dá a padà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ yẹn ni Wiebke Lorenzen. Ọmọ etí òkun ni, láti apá àríwá. Láti kékeré ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sọ́dọ̀ Gesine. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, ó fọn ìwo lẹ́yìn kọ́tìnnì bí gbogbo àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ń fọn, wọ́n sì mú un. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìyẹn kò tíì tó. Ọdún àyẹ̀wò wà. Tó bá parí, àwọn afọnwo á jókòó, wọ́n á dìbò bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ẹ̀gbẹ́ àga ìwo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi í sí. Ó ń bá Gesine fọn àwọn ibi tí orin bá ti le, kí ètè ọ̀gá rẹ̀ lè sinmi.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún yẹn, Gesine gbé ife kọfí lọ́wọ́ níbi ìsinmi. Ansgar Thode, àgbà ọkùnrin tó ń fọn ìwo kẹta, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ń wò ó.

Ó ní, "Gesine, ṣé ọwọ́ irin lo ní ni? Kọfí yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni o."

Gesine wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àtàǹpàkò ti pọ́n. Kò dùn ún rárá. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àtàǹpàkò náà kú díẹ̀díẹ̀. Kò ro ó, kò yún un, ó kàn ń fà sẹ́yìn lára rẹ̀ ni. Tó bá gbé ìwo, kò mọ ìgbà tó tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí kò tẹ̀ ẹ́, àfi tí ohùn bá jáde. Tí ohùn bá sì ti jáde, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn. Nígbà ìdánrawò kan, ohùn tó yẹ kó là gbọ̀ngàn já wúkọ́ jáde. Ansgar ní àfi bí ẹni pé ọtí àná ṣì wà lójú màmá wa, bó ṣe máa ń pe Gesine. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Wiebke nìkan ló wojú ìwé orin.

Dókítà ní iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́wọ́ ti há níbi ọrùn. Ó ní kó fi ìwo sílẹ̀ títí òjò dídì á fi dé, á sì fi yọ́. Gesine bi í bóyá yóò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn náà. Dókítà ní àwọn kan ń padà bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Volkhard ni. Volkhard ló jókòó sí àga àkọ́kọ́ kí Gesine tó dé, eyín iwájú rẹ̀ ló mì. Ó sòótọ́, ó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí àga kẹrin nísàlẹ̀, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Gesine náà kí i bẹ́ẹ̀. Ó mọ bí ohùn òun ṣe rí nígbà tó ń kí i. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti rí i pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lágbàjù máa ń ṣìwà hù.

Ó délé lọ́jọ́ náà, ó gbé ọ̀dùnkún kaná, ó gbé ìwo sórí tábìlì ìdáná. Ó mú irin tíńtín tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì. Ó jókòó pẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé títí Kérésì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dùnkún ti ń hó bọ̀ sílẹ̀ kó tó tú okùn náà, tó yí i.

Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? Nígbà tí ó ti yí i, kúkúrú ló di sísinmi. Kò nílò àtàǹpàkò mọ́. Ó kàn fi òkú ìka náà lé ibẹ̀ bí ẹni fi ère síwájú ilé. Ó tún gbogbo orin rẹ̀ yàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tó ti ń fi gígùn fọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ó wá ìka mìíràn fún un ní kúkúrú. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kan wà tí kì í jókòó dáadáa lápá yẹn. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tó wà lẹ́nu ìwo tì wọ́n sípò. Ọwọ́ ọ̀tún ń bo àṣírí ọwọ́ òsì.

Ó ṣiṣẹ́. Kò ṣìṣe mọ́. Ansgar ní ó kú oríire, pé ọtí ti dá lójú rẹ̀. Gesine ní òun retí pé inú òun á dùn, òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn fọwọ́ tẹ ibi tí dókítà eyín ti fún lábẹ́rẹ́. O mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìẹ.

Wiebke ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohùn Gesine tó o. Nígbà tí wọ́n ń kó ìwo sínú àpótí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ohùn yín ti yàtọ̀. Ó ti... ó ti fúyẹ́."

Gesine ní, "Àgbà ti ń dé ni. Kí o dé ibi tí mo dé ná."

Wiebke ní, "Ó ṣì dáa o, Ọ̀gá. Mi ò sọ pé kò dáa."

Ibì kan ṣoṣo wà tí Gesine ò lè gbà sá. Nígbà mìíràn, orin a máa ní kí ìwo panu dé. Ọwọ́ ọ̀tún á dí ẹnu rẹ̀ pa, ohùn á wá há bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Apá gígùn ló mọ irú èyí í ṣe. Tí o bá dán an wò ní kúkúrú, ohùn náà á yẹ̀, etí gbogbo á sì gbọ́ pé ó yẹ̀. Kí ni Gesine ṣe? Ó kó gbogbo irú ibẹ̀ fún Wiebke. Ó ní ọdún àyẹ̀wò lọ́mọ náà wà, kí àwọn èèyàn máa gbọ́ ọ. Wiebke dúpẹ́ títí ojú fi ti Gesine. Ó sọ fún Ansgar pé ọ̀gá òun kò ní ìlara rárá.

Kérésì dé, ó kọjá. Okùn náà wà bó ṣe wà.

Àṣà wa ni pé kí ọdún àyẹ̀wò tó parí, wọ́n á gbé ẹni náà sórí àga àkọ́kọ́ fún orin kan ṣoṣo, níwájú gbogbo ìlú, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ń ṣẹ́ ló bọ́ sí fún Wiebke. Orin náà ní apá kan tó lọ jẹ́jẹ́, ìwo àkọ́kọ́ ló sì ń dá ṣí i, tí gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ gbọ́. Ó jókòó sórí àga Gesine. Gesine jókòó tì í, òun ló wá di olùrànlọ́wọ́. Ansgar jókòó lápá kejì. Èmi náà wà nínú gbọ̀ngàn, lókè, níbi tí owó rẹ̀ kò wọ́n.

Apá àkọ́kọ́ parí, ó sì dùn. Àwọn èèyàn ń wúkọ́, ọ̀gá adarí orin ń fi áńkáṣífù nu ojú. Wiebke dán ìka rẹ̀ wò lórí bọ́tìnnì, ọ̀kan sì rọ̀ sílẹ̀ bí ewé. Okùn rẹ̀ ti já.

Ojú rẹ̀ ò yí padà. Wọ́n ti kọ́ ọ. Ó gbé ìwo tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìwò ó, bí òfin ṣe wí.

Ẹ̀yin ará, àyè wà. Gesine kò fẹ́ kí n sọ pé àyè ò sí. Ọ̀gá adarí ṣì ń ká áńkáṣífù rẹ̀. Gesine lè sọ pé "yíyí ni." Ó lè sọ pé "gba ti Ansgar," nítorí Ansgar ò ní nǹkan í fọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ansgar wà nítòsí, etí rẹ̀ sì dà bí etí ehoro. Tó bá gbọ́ ọ, á béèrè ìdí, ìdí náà á sì fa òmíràn. Gbogbo èyí kọjá lórí rẹ̀ kedere, kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó gbé ìwo náà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó dákẹ́.

Ọ̀gá adarí gbé ọwọ́ sókè.

Ohùn àkọ́kọ́ tí Wiebke fọn, gígùn ló ní lọ́kàn. Ó jẹ́ kí àtàǹpàkò sinmi, kúkúrú ló sì bá pàdé. Ètè rẹ̀ ń retí ibì kan, èémí ń lọ síbòmíràn. Ohùn náà fọ́. Ó tẹ àtàǹpàkò kó lè bọ́ sí apá tó dájú, ó sì tẹ ara rẹ̀ sínú èyí tó ń yọ̀. Òmíràn fọ́. Obìnrin kan níwájú mi gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yé Wiebke, mo rí i tí èjìká rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìka kọ̀ọ̀kan kó tó fi í lélẹ̀, ó sì fọn ìyókù láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìyókù? Àwo tó ti fọ́ ti fọ́.

Lẹ́yìn ìtàgé, ó gbé ìwo náà fún Gesine. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti yí ìwo yín padà."

Gesine ní, "Ẹni tó bá mi fọ inú rẹ̀ ló máa ti yí i. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ gbọ́ irọ́. Ó sì ti fi ìwo náà fọn apá àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ náà. Wiebke wò ó. Bóyá ó gbà á gbọ́, bóyá ó kàn fẹ́ gbà á gbọ́ ni. Ó ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́, kó bá òun sọ ọ́ nípàdé, pé tí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, wọ́n á ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó ló ń ní ilẹ̀ kò tẹ́jú. Gesine mi orí. Ó ní kò sí wàhálà.

Ìpàdé náà wáyé nínú yàrá ìdánrawò, pẹ̀lú kọfí àti kéèkì èso. Wiebke dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, nítorí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jókòó níbẹ̀. Ansgar ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ náà, pé ó ní ètè àti etí, ṣùgbọ́n òun ò lóye ọjọ́ Àìkú. Gbogbo wọn kọjú sí Gesine. Òun ni ọ̀gá wọn, òun ló tọ́ ọ, òun ló jókòó tì í. Ohun tó bá sọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé.

Ansgar ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, Gesine? Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù."

Ó ní òun la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ó ní òun búra pé òun là á. Ó rí àga kẹrin. Ó gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa kí òun.

Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà á."

Ọ̀rọ̀ náà tó. Àwọn afọnwo lè dárí ji gbogbo nǹkan, bí kì í bá ṣe ẹ̀rù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa padà wá. Wọ́n dìbò. Wiebke kò dúró.

Ansgar ló jáde lọ sọ fún un. Onínúure èèyàn ni, ó fẹ́ tù ú nínú, ó ní kó má bọkàn jẹ́, pé ọ̀gá rẹ̀ ti ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rù lásán ni, pé ẹ̀rù máa ń lọ. Gesine wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wiebke gbójú sókè, ó wo Ansgar, ó wá wo Gesine. Kò sọ pé irọ́ ni. Kò sunkún. Ó tẹ orí ba díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, Ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbé àpótí ìwo rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Gesine padà wọlé, ó jẹ kéèkì èyí tó kù nínú àwo rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni kéèkì náà ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò ní ìtọ́wò kankan.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí. Bí igi ṣe ń rúwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò orin tuntun kan. Ìwo àkọ́kọ́ ní ibi tí yóò ti panu dé nínú rẹ̀, òun nìkan, Wiebke kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti gbà á.

Gesine fọn ọ́n. Ó yẹ̀. Ọ̀gá adarí ní kí wọ́n tún un ṣe, ó tún yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn onífèrè níwájú bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá adarí fi sùúrù béèrè bóyá nǹkan wà níbẹ̀.

Ansgar sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó ní kó fi gígùn ṣe é, pé kí ló dé tó ń fi kúkúrú jẹ ara rẹ̀ níyà. Láti rí gígùn báyìí, ó gbọ́dọ̀ fi òkú ìka yẹn tẹ̀. Ó gbìyànjú. Kò mọ̀ bóyá ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó jáde tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ansgar ní, "Gbé e wá, màmá wa. Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé ìwo rẹ ló ń jò."

Kí Gesine tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìwo ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin rẹ̀ náà ni, pé kí wọ́n máa gbà á láìbéèrè. Ansgar gbé e sẹ́nu, ó fọn ohùn kan. Ó dá a dúró. Ó tẹ àtàǹpàkò, ó fọn, ó sinmi rẹ̀, ó fọn. Ó yí ìwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo okùn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà wo?"

Gesine ní àná ni, pé òun kàn ń dán nǹkan wò.

Ansgar gbé ìwo sórí orúnkún. Ó ti ń fọn ìwo tipẹ́, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ó ní, "Fún mi lọ́wọ́ òsì rẹ. Wo fèrèsé."

Gesine na ọwọ́ náà sí i, ó sì wo fèrèsé. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lórí odò. Ó dúró, ó dúró.

Ó ní, "Kí lò ń dúró dè?"

Ansgar ní, "Mo ti ń gún un láti ìgbà yẹn, Gesine."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ansgar di pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sí ìwé orin mú. Ẹnu pẹ́ńsù náà ti wọlé lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti jáde díẹ̀.

Ansgar fi pẹ́ńsù náà sílẹ̀. Ó tún wo ìwo tó wà lórí orúnkún rẹ̀, ó pẹ́ tó fi ń wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Ó ní, "Èyí ni Wiebke fi fọn lọ́jọ́ Àìkú yẹn."

"Òun ni."

"O sì mọ̀ nígbà tí o gbé e fún un."

"Mo mọ̀."

"O wá wo ojú wa, o ní ẹ̀rù ló bà á."

Gesine ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ó ní ì bá sàn kí wọ́n bú òun. Ansgar gbé ìwo náà padà fún un bí ẹni ń dá nǹkan olóhun padà, ó sì kọjú sí ìwé orin rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún pè é ní màmá wa mọ́. Gesine dìde, ó kó ẹrù rẹ̀, ó la àárín wọn kọjá títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ansgar pe Wiebke lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ gbogbo wọn pé kó wá gba àga rẹ̀. Wiebke ní òun ti gbọ́, pé òun máa rò ó.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Gesine wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun. Kò sọ fún ọmọ náà pé òun ń bọ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé á ní kó má wá. Wiebke ló ṣílẹ̀kùn. Ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní fèrè níbẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó sì ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé." Ó gbé omi kaná.

Gesine sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún irú ẹ̀. Wiebke ń da tíì sínú ife, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbé ife kan fún un.

Nígbà tó parí, Wiebke ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ yí ìwo mi padà? Mo ṣì kéré. Mo sunkún títí nínú ọkọ̀ lọ sílé. Ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ dá a padà àfi tí mo bá lè fi fọn gbogbo orin tí mo mọ̀."

Gesine ní òun rántí.

"Mo mọ̀ ọ́n fọn lọ́nà méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ká ní ẹ sọ pé 'yíyí ni,' ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, ǹ bá fọn ọ́n dáadáa. Ansgar ì bá béèrè, ǹ bá sì sọ fún un pé ìwo tèmi lẹ ń wí. Ǹ bá bò yín láṣìírí, Ọ̀gá. Ǹ bá bò yín títí dọ̀la."

Gesine di ife náà mú. Ó kàn ń wo tábìlì.

Wiebke ní, "Ọ̀gá. Ọwọ́ yín."

Ó wò ó. Òkú àtàǹpàkò náà dúró gan-an lára ife gbígbóná, awọ ibẹ̀ ti ń pọ́n, ó ti ń wú. Wiebke ti dìde. Ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á lọ síbi omi ẹ̀rọ, ó sì di ọwọ́ náà mú sábẹ́ omi tútù. Ó fi ìka tirẹ̀ ká a, bí ìyá ṣe ń fọ ọwọ́ ọmọ. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní, "Ẹ ń jóná, ẹ ò sì mọ̀."

Ibẹ̀ ni Gesine ti sunkún. Ó ní gbogbo ohun tí òun ò mọ̀ lára látìgbà tí ewé ti wọ́, abẹ́ omi yẹn ló ti kó dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dun òun débi pé òun di etí agbada ìfọwọ́ náà mú kí òun má bàa ṣubú. Wiebke kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, àga náà ṣì ṣófo. Ansgar kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ó ní àwọn ń retí ẹni tó ni ín. Wiebke ṣì ń rò ó. Gesine ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́, tí nǹkan bá ti kú lára yín, kí ẹ wí, kí ọmọ tó gbé e bá yín má bàa fi ṣubú. Mo bi í bóyá àtàǹpàkò náà ti ń mọ nǹkan lára báyìí. Ó ní rárá. Ó ní ṣùgbọ́n tí òun bá jí láàárọ̀, òun máa ń fi ọwọ́ kejì dì í mú níbi tí Wiebke ti dì í mú, kí òun tó dìde.